Òkú Kì Í Purọ́: Bí Aráyé Ṣe Kọ́ Láti Rí Májèlé àti Ọtí Olóró Nínú Ara Ènìyàn

Ìtàn tòní kì í ṣe ti ọba tàbí ti ogun. Ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe wá ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òkú ni, tí òkú sì ń dá wọn lóhùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìparí, nítorí ọ̀rọ̀ náà yóò kan ìgò tó wà lórí tábìlì wa nílé.

Bí ẹnì kan bá jẹun alẹ́ tán, tí ilẹ̀ mọ́ tí kò jí, ẹ mọ ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ará ilé: "Wọ́n ti fún un ní nǹkan jẹ." Lẹ́yìn náà ni ojú yóò máa wá ẹni tí wọn yóò gbé e lé lórí: ìyàwó, orogún, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ mutí, tàbí ìyá arúgbó kan tí kò ní ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀. Àwọn àgbà wa náà ní òwe kan tó ti dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ tán kí wọ́n tó gbọ́ ọ: àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

Láyé àtijọ́, ní ilẹ̀ wa àti ní ọ̀pọ̀ ibòmíràn ní Áfíríkà, wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ní omi èèpo igi ọ̀bọ̀ mu. Bí ó bá bì í jáde, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá kú, wọ́n á ní òun ló ṣe é. Igi náà lóró lóòótọ́. Àmọ́ ikùn ẹni náà ni ó ń dán wò, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Àwọn òyìnbó náà kò sàn jù wá lọ nígbà náà. Àwọn náà ti fi irin gbígbóná àti omi dán ènìyàn wò rí. Bí wọ́n bá fura sí oúnjẹ, ajá ni wọ́n máa ń fún jẹ. Bí òkú bá dúdú ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á ní májèlé ni. Kò sí ẹni tó lè mú májèlé náà jáde kí adájọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i.

OÒGÙN EKU ÀTI DÍGÍ DÚDÚ

Májèlé tó gbajúmọ̀ jù ní Yúróòpù nígbà náà ni arsenic. Lẹ́búlẹ́bú funfun ni, ó jọ ìyẹ̀fun tàbí ṣúgà, kò fi bẹ́ẹ̀ ní adùn tàbí ìkorò, wọ́n sì ń tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ fi pa eku. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ yóò máa bì, yóò máa yàgbẹ́ gbuuru, bí ẹni tí àrùn onígbáméjì mú. Dókítà a wò ó, a ní àrùn ni, wọn a sì gbé òkú sin.

Ní Ìlú Ọba, onímọ̀ kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ James Marsh, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà ìjọba ní Woolwich. Wọ́n pè é wá sí ẹjọ́ ọmọkùnrin kan tí wọ́n ní ó fi arsenic sínú kọfí bàbá-bàbá rẹ̀. Marsh yẹ kọfí náà wò, ó rí arsenic níbẹ̀, àmọ́ kí ó tó gbé ẹ̀rí rẹ̀ dé iwájú àwọn ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́, àwọ̀ ohun tó rí ti bàjẹ́. Wọ́n dá ọmọ náà sílẹ̀. Nígbà tó yá, ọmọ náà jẹ́wọ́ pé òun ni.

Ọ̀rọ̀ yìí dun Marsh wọra. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ní 1836 ó sì gbé ọ̀nà tuntun jáde. Ó fi irin tí wọ́n ń pè ní zinc sínú ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì ọkọ̀, ó wá da ohun tó fẹ́ yẹ̀ wò sí i. Bí arsenic bá wà níbẹ̀, yóò di afẹ́fẹ́, yóò gba inú ọ̀pá tóóró jáde. Bí wọ́n bá dáná sí afẹ́fẹ́ yìí, tí wọ́n gbé àwo tútù sí ọ̀gangan iná náà, arsenic yóò lẹ̀ mọ́ àwo, yóò dúdú, yóò sì máa dán bí dígí. Èyí kò ní bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Adájọ́ lè gbé e lọ́wọ́ wò.

ẸJỌ́ TULLE, 1840

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ọ̀nà Marsh dé ilé ẹjọ́ kan tí gbogbo ilẹ̀ Faransé ń tẹ̀lé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Lafarge kú ní oṣù kìíní ọdún 1840 ní Le Glandier, ní agbègbè Corrèze. Ìyàwó rẹ̀, Marie, kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ó ti ra arsenic, ó ní eku ló pọ̀ nílé. Àwọn ará ilé ọkọ sì sọ pé àwọn rí i tó ń ro ìyẹ̀fun funfun kan pọ̀ mọ́ ohun mímu ọkọ rẹ̀.

Nílé ẹjọ́ ní Tulle, àwọn onímọ̀ tó wà nítòsí fi ẹ̀rọ Marsh yẹ ara òkú náà wò. Wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Wọ́n hú òkú náà jáde, wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí nǹkan kan síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ oúnjẹ tó ṣẹ́kù wò, arsenic kún inú rẹ̀. Báwo ni májèlé ṣe máa wà nínú oúnjẹ tí kò sì ní sí nínú ẹni tó jẹ ẹ́?

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ sí Mathieu Orfila ní Paris. Ọmọ erékùṣù Menorca ní Sípéènì ni, ṣùgbọ́n Faransé ló ti di ọ̀gá àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ìwé ńlá tó kọ nípa májèlé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1814, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé òun ni bàbá ìmọ̀ yìí. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà: agbẹjọ́rò Marie fúnra rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ dárúkọ Orfila, tó ní kí ilé ẹjọ́ lọ gbọ́ ohun tó sọ nípa àyẹ̀wò tí kò dára. Orfila dé, ó ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, ó sì rí arsenic nínú òkú náà.

Ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ fi ń rántí rẹ̀ títí dòní ni ìbéèrè tó bi ara rẹ̀ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá arsenic wà nínú zinc àti ásíìdì tí òun ń lò. Ó dán wọn wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìfi ara òkú sí i. Ó béèrè bóyá ilẹ̀ tí wọ́n sin òkú sí ló ní arsenic, tó wá wọ inú pósí. Ó yẹ ilẹ̀ náà wò pẹ̀lú. Ìgbà tó ti ilẹ̀kùn wọ̀nyí tán ló tó sọ fún ilé ẹjọ́ pé inú ara òkú ni arsenic yìí ti wá.

Wọ́n dá Marie lẹ́bi, wọ́n ní kí ó lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Wọ́n tú u sílẹ̀ ní 1852, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú. Títí ó fi kú ló ń sọ pé òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan nígbà náà kò fara mọ́ Orfila, àríyànjiyàn náà sì pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò sí ilé ẹjọ́ tó tún lè ṣe bí ẹni pé ara òkú kò ní ohun tó fẹ́ sọ.

TÁBÀ ÌJÒYÈ BOCARMÉ

Arsenic jẹ́ ohun inú ilẹ̀, iná kì í jó o tán. Májèlé inú ewé àti gbòǹgbò ńkọ́? Àwọn wọ̀nyí máa ń pòórá mọ́ ara ni. Orfila fúnra rẹ̀ ti sọ pé ó ṣeé ṣe kí a má lè rí wọn láé.

Ọdún 1850 ni ẹnì kan ní Bẹ́ljíọ̀mù fẹ́ jàǹfààní ọ̀rọ̀ yìí. Ìjòyè ni, Hippolyte Visart de Bocarmé lorúkọ rẹ̀, ó ń gbé ilé ńlá kan ní Bury. Gbèsè ti dé e lọ́rùn. Arákùnrin ìyàwó rẹ̀, Gustave Fougnies, ní owó, ara rẹ̀ kò sì le, wọ́n ti gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Bí ó bá kú láìgbéyàwó, ọ̀dọ̀ ìyàwó Bocarmé ni ogún máa bọ́ sí. Gustave wá ní òun fẹ́ gbéyàwó.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1850, Gustave wá jẹun lọ́dọ̀ wọn. Ìyàwó ìjòyè lé àwọn ìránṣẹ́ kúrò nídìí tábìlì, ó ní òun fúnra òun ni yóò gbé oúnjẹ. Kò pẹ́, àwọn ìránṣẹ́ gbọ́ ariwo nǹkan tó ṣubú. Gustave ti kú. Ìjòyè ní kí wọ́n gbé ọtí kíkan wá, ó da á sí òkú lẹ́nu, ó da á sí i lára. Tọkọtaya náà fọ aṣọ òkú, wọ́n sì fi ọ̀bẹ ha pákó ilẹ̀ ilé.

Adájọ́ ìwádìí kó àwọn ẹ̀yà inú òkú náà sínú ìgò, ó kó wọn lọ fún Jean Servais Stas ní Brussels. Òórùn ọtí kíkan ni Stas kọ́kọ́ gbọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé kí ni ọtí kíkan ń wá níbẹ̀, bí kì í bá ṣe láti bo òórùn nǹkan mìíràn? Ó fi ọtí líle fọ ẹran ara náà, ó sẹ́ ẹ, ó tún sẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà ló da potash sí i, ìyẹn ìbátan omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ. Bí potash ṣe débẹ̀ báyìí, òórùn tábà gba iyàrá kan.

Ìdí nìyí: nígbà tí nǹkan kíkan bá wà níbẹ̀, májèlé ewé máa ń dúró sínú omi. Bí potash bá pa kíkan náà, májèlé kò ní fẹ́ dúró sínú omi mọ́. Stas wá da ether lé e lórí, ó mì í. Ether fa májèlé náà mọ́ra bí epo ṣe ń fa òórùn ata. Ó dà á sínú àwo, ó jẹ́ kí ether fẹ́ lọ, ohun tó ṣẹ́kù ni òróró tó ń ta ahọ́n bí iná. Nicotine ni, oró inú ewé tábà.

Ó ránṣẹ́ sí adájọ́ pé kí ó wádìí bóyá ìjòyè yìí ní nǹkan ṣe pẹ̀lú tábà. Olùtọ́jú ọgbà ní òun ti bá ọ̀gá òun ṣiṣẹ́ lórí ewé tábà púpọ̀, ó ní lọ́fínńdà ni ọ̀gá òun sọ pé àwọn ń ṣe. Wọ́n rí òkú ológbò àti pẹ́pẹ́yẹ tó fi dán májèlé rẹ̀ wò nínú ilẹ̀. Wọ́n rí àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ níbi tó kó wọn pamọ́ sí nínú ilé. Ní oṣù keje ọdún 1851, wọ́n bẹ́ ìjòyè náà lórí ní Mons. Wọ́n dá ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀.

Ọtí kíkan tó dà láti fi bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ló bá Stas ṣiṣẹ́, nítorí kíkan rẹ̀ ló di nicotine mú sínú ara. Ará Jámánì kan, Friedrich Julius Otto, tún ọ̀nà Stas ṣe ní 1856. Orúkọ àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ń pe ọ̀nà náà títí dòní.

Ọ̀RỌ̀ WÁ KAN ỌTÍ

Ọtí le ju tábà lọ láti dájọ́ lé lórí, nítorí kò sí ẹni tí ń fi pa mọ́. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: mélòó ló mu? Ní Lund, ní Sweden, Erik Widmark gbé ọ̀nà kan jáde ní 1922 tó fi jẹ́ pé ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti orí ìka ti tó. Kẹ́míkà aláwọ̀ ọsàn kan, dichromate, máa ń yí àwọ̀ padà bí ọtí bá kàn án. Bí ó bá ṣe yí padà tó ni ọtí inú ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Widmark tún rí i pé ara ènìyàn máa ń jó ọtí níwọ̀n kan náà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, bíi gíráàmù 0.15 nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan. Ìdí nìyẹn tí kọfí tàbí omi tútù kò fi lè lé ọtí kúrò lára kíákíá. Ní 1936, Norway fi ìwọ̀n ọtí inú ẹ̀jẹ̀ sínú òfin awakọ̀. Ní 1954, Robert Borkenstein, tó ti ṣe ọlọ́pàá ní Indiana ní Amẹ́ríkà, ṣe ẹ̀rọ tí awakọ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn sí.

Ṣùgbọ́n ìṣòro méjì wà níbẹ̀. Èkíní, òkú lè pọn ọtí fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá ẹmu mọ̀ ọ́n dáadáa: ẹmu àárọ̀ tó dùn, tí ẹ bá gbé e sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ti le. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń sọ ṣúgà di ọtí. Irú wọn wà nínú òkú, ooru ilẹ̀ wa sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá rí ọtí díẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ òkú tó ti pẹ́ nílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ọ̀mùtí ni. Àwọn onímọ̀ máa ń gba omi inú ẹyinjú pẹ̀lú, nítorí kì í tètè bàjẹ́, wọ́n sì máa ń fi kẹ́míkà kan sínú ẹ̀jẹ̀ kí ó má baà kan.

Èkejì, dichromate kò mọ ọtí kan yàtọ̀ sí èkejì. Ethanol ni ọtí tí à ń mu. Methanol sì jẹ́ ọtí ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń fi po ọ̀dà àti oríṣiríṣi nǹkan. Àwọn méjèèjì mọ́ bí omi, òórùn wọn jọra, àwọn méjèèjì ló ń pa ènìyàn bí ọtí. Ìgbà tí James àti Martin gbé ọ̀nà gas chromatography jáde ní Ìlú Ọba ní 1952 ni ó tó rọrùn láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ fojú inú wò ó bí àwọn tó ń ti ọjà bọ̀: wọ́n jọ gbéra, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́ á kọ́kọ́ délé. Wọ́n á sọ ẹ̀jẹ̀ di oru, wọ́n á fẹ́ oru náà gba inú ọ̀pá gígùn tóóró. Methanol á kọ́kọ́ jáde, ethanol á tẹ̀lé e, ẹ̀rọ á sì kọ àsìkò tí kálukú dé sílẹ̀.

ÒDE-ÌRÈLÈ, 2015

Ẹ jẹ́ ká wá sọ́dọ̀ àwọn ará wa ní òdìkejì bodè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, ní agbègbè Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn ń ṣú, àwọn kan kò ríran mọ́, wọ́n dákú, ọ̀pọ̀ sì kú kí ọjọ́ kan tó pé. Ó kéré tán, ènìyàn 18 ló bá a lọ. Ẹ̀rù ba gbogbo ìlú. Àwọn kan ní wọ́n ti ṣẹ òrìṣà ìlú ni. Àwọn mìíràn ní Ebola ti dé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, kò sí Ebola níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Àfi ìgbà tí àyẹ̀wò ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Èkó jáde: methanol ni. Inú ògógóró tí wọ́n mu ló ti wọlé sí wọn lára.

Ní oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí irú ikú bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Rivers, ìjọba Nàìjíríà kéde pé àwọn fòfin de ògógóró. Ṣé ẹ rí i? Bí kò bá sí àyẹ̀wò, ìlú ìbá ti rí ẹni tí yóò dá lẹ́bi, ìgò olóró náà ìbá sì máa bá a lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Sodabi ni tiwa. Ìtàn tí a jogún ni pé ọmọ Allada kan tó ń jẹ́ Sodabi lọ jagun fún Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ọtí níbẹ̀, ó sì fi ẹmu ọ̀pẹ ṣe é nígbà tó padà délé. Sodabi tí wọ́n fi ẹmu gidi sè, tí ẹni tó mọ iṣẹ́ sè é, methanol inú rẹ̀ kì í pọ̀. Ewu ńlá ni ti oníṣòwò tó ń ra kẹ́míkà ilé iṣẹ́ láti fi bu ọtí kún, kí ọtí lè pọ̀ kí owó sì lè wọlé. Ojú àti imú kò lè dá a mọ̀. Ahọ́n náà kò lè dá a mọ̀.

Methanol fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń pa ènìyàn. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ ọ́ di ásíìdì kan, irú èyí tó wà nínú oró àwọn èèrà kan, èyí sì ni ó ń ba ojú jẹ́. Ó máa ń gba wákàtí púpọ̀, nígbà mìíràn odindi ọjọ́ kan, kí ó tó hàn. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń rò pé ọtí àná ló ṣì wà lójú wọn. Bí ẹnì kan bá mutí lánàá, tí orí ń fọ́ ọ lónìí, tí ikùn ń run ún, tí ó ní òun ń rí nǹkan bí ẹni wà nínú kùrukùru, ẹ má ṣe gbé e lọ sùn. Ilé ìwòsàn lẹ máa gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Àwọn dókítà ní oògùn tó lè dá ẹ̀dọ̀ dúró kí ó má sọ methanol di ásíìdì, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ tètè dé.

Ẹ gbé ìgò tó ṣẹ́kù dání lọ, ẹ má dà á nù. Ẹ má fọ ife náà. Bí ikú bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọlọ́pàá àti dókítà rí òkú kí ẹ tó sin ín, bí ó tilẹ̀ dun ẹbí. Àwọn tó bá ẹni náà mu nínú ìgò kan náà ńkọ́? Ẹ wá wọn lọ kíákíá, nítorí ó ṣeé ṣe kí tiwọn ṣì ń bọ̀ lọ́nà.

Òwe àwọn àgbà wa ṣì dára láti fi ṣọ́ra fún ẹni tó ń lérí. Kò dára láti fi dájọ́. Kí Orfila tó sọ̀rọ̀ nípa ìyàwó ẹlòmíràn, ó yẹ ásíìdì ọwọ́ ara rẹ̀ wò ná, ó sì yẹ ilẹ̀ sàréè wò. Àwa náà, kí á tó nawọ́ sí ìyá arúgbó kan, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ìgò wò.

Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ yín ní abúlé, pàápàá àwọn tó ń ta ọtí. Kí ni wọ́n ń pe sodabi ní agbègbè yín? Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á fi ọwọ́ ara wa gbé májèlé sẹ́nu.